Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ojú Ènìyàn

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ojú, ojú tí í ṣe ọba ara, ojú tí a kì í fi aṣọ bò bí a ti ń bo àyà, tí ẹni tí ó ni ín kò sì lè rí i bí kò bá sí dígí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó mọ èyí tí yóò sọ àti èyí tí yóò gbé mì. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń sọ fún wa pé bí a bá gbé kámẹ́rà síwájú ènìyàn, ẹ̀rọ yóò wò ó títí, yóò sì sọ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i, bóyá ẹ̀rù ń bà á tàbí oorun ń kùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dàpọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí a dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa, ẹni tí ó bá lọ sí ibùdó ìdìbò ní Ìjù níhìn-ín yóò rántí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí òṣìṣẹ́ INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní BVAS. Wọ́n á ní kí olùdìbò tẹ ìka rẹ̀ sí i. Bí ìka náà kò bá sì gbà, bí ìka àgbẹ̀ tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ di ọkọ́ àti àdá mú kì í ti í tètè gbà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà sí iwájú ojú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi ojú náà wé àwòrán tí ó wà nípamọ́ láti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yẹn ń dáhùn, èyíinì ni pé ṣé Lágbájá nìyí tàbí ẹlòmíràn. Bí Lágbájá ń sunkún o, bí ó ń rẹ́rìn-ín o, kò kàn án. Ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ń béèrè ohun tí ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú Lágbájá.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1862, dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Duchenne tẹ ìwé jáde lórí bí ó ti ń fi iná mànàmáná kan ojú ọkùnrin arúgbó kan, níbí lẹ́yìn ọ̀hún, tí ó sì ń ya àwòrán bí iṣan kọ̀ọ̀kan ti ń fà. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀rín tí ó ti inú wá a máa fa iṣan tí ó yí ẹyinjú ká, nígbà tí ẹ̀rín orí ètè lásán kì í dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Charles Darwin mú nínú àwòrán wọ̀nyí sínú ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ọ̀nà gan-an fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni Paul Ekman, ará Amẹ́ríkà, tí ó lọ bá àwọn ènìyàn Fore ní Papua New Guinea ní 1967, tí ó tẹ́ àwòrán ojú síwájú wọn, tí ó sì ń ní kí wọ́n yan èyí tí ó bá ìtàn mu, bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú tàbí ojú ẹni tí ó fẹ́ jà. Ó padà délé pẹ̀lú èrò pé ayọ̀, ìbànújẹ́, ìbínú, ẹ̀rù, ìríra àti ìyàlẹ́nu ní ojú kan náà ní gbogbo ayé. Nígbà tí ó di 1978, òun àti Wallace Friesen tẹ ìwé ìlànà kan tí ó já gbogbo bí ojú ti ń yí padà sí ẹyọ-ẹyọ, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí iwájú orí bá hunjọ wá sílẹ̀ sójú, 4 nìyẹn, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbé sókè tí ó sì fún ojú pọ̀, 6 nìyẹn, bí igun ẹnu bá fà sókè, 12 nìyẹn. Nígbà tí 6 àti 12 bá pàdé lójú ẹnì kan, wọ́n á ní ayọ̀ ni.

Ẹ ó rí i pé nǹkan tí ó ti di nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà ti gba tirẹ̀. Ní 1997, Rosalind Picard, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tí ó sọ pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà lè mọ bí ó ti ń ṣe ènìyàn lára. Ní 2009, òun àti Rana el Kaliouby, ọmọbìnrin ilẹ̀ Íjíbítì tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Cambridge, dá ilé-iṣẹ́ Affectiva sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Yóò kọ́kọ́ wá ibi tí ojú wà nínú àwòrán. Yóò fi àmì tóńtó sí igun ojú, sí orí imú, sí etí ètè. Yóò sì máa wọn bí àwọn àmì náà ti ń súnmọ́ ara wọn tàbí bí wọ́n ti ń jìnnà síra, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti mọ̀ pé báyìí ni ìbínú, báyìí ni ayọ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí a san owó fún kí wọ́n jókòó ti àwòrán ni, kí wọ́n máa kọ orúkọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, pé eléyìí bínú, èyí ń ṣe ìyàlẹ́nu. Ohun tí àwọn wọ̀nyẹn bá rò nípa ojú àlejò tí wọn kò mọ̀ rí, òun náà ni ẹ̀rọ yóò máa rò títí lọ. Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àléébù rẹ̀ ti ń jáde.

Kí n má baà dá ẹjọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe tí mo yìn ín fún. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Smart Eye ti ilẹ̀ Sweden ra Affectiva, iṣẹ́ Smart Eye sì ni láti máa fi kámẹ́rà ṣọ́ awakọ̀. Àwọn onímọ̀ ti wádìí pé ẹni tí oorun ń gbé lọ kì í sábà mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Nítorí náà wọ́n ń ka bí ìpéǹpéjú ti ń pẹ́ tó ní títì láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ó bá ti bo ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ibi dúdú ojú. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n, ẹ̀rọ á han gooro. Láti oṣù keje 2024, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí a ta ọkọ̀ tuntun kankan lọ́dọ̀ wọn tí kò ní ohun tí yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ tí ó ti ń rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ òru láti Ṣàgámù gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ìbíní, tí ó rí orí awakọ̀ tí ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ nínú dígí, yóò fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé orí ọ̀nà wa ní kíákíá. Ara ni ẹ̀rọ ń wò níbẹ̀, ara ni ó sì ń ròyìn. Kò sọ pé òun mọ ohun tí awakọ̀ ń rò.

Nígbà tí ó bá kúrò lórí ara tí ó wá di ọ̀rọ̀ inú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni a ń fi sínú tu itọ́ funfun jáde, àwọn kan náà ni wọ́n sì sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Àlejò wá kí ìyá kan; bí ó ti fẹ́ máa lọ, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó, ó ní kí ọmọ kékeré tí ó wà níbẹ̀ fi ra ohun tí ó bá wù ú. Ọmọ náà kò tíì na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Ìyá ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, eyín rẹ̀ hàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé sókè, ó tilẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n”. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pẹ́ lára ọmọ náà díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọmọ sì ti gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ ṣeun sà, mo ti jẹun.” Kámẹ́rà tí a bá gbé kọ́ igun iyàrá náà yóò rí 6, yóò rí 12, yóò sì kọ ayọ̀ sílẹ̀ fún ìyá, kò ní mọ̀ pé àṣẹ ni a pa lójú rẹ̀ yẹn, pé a sì ti mú àṣẹ náà ṣẹ. Ọmọ mọ̀, nítorí pé ó mọ ìyá rẹ̀, ó sì mọ ohun tí a ti bá a sọ lánàá àti lánàá-àná nípa gbígba nǹkan lọ́wọ́ àlejò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó, omijé á máa dà ní ojú rẹ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo ilé ń yọ̀, tí òun gan-an sì ti ń retí láti ọdún pípẹ́. Bí kò bá sì sunkún, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti là jù. Bí baba tí ó gbó tí ó tọ́ bá sì kú ní Òǹdó, àwọn ọmọ á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jó tẹ̀lé ìlù gba ìgboro, ẹ̀rín á kún ojú wọn, owó á sì máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù. Ẹni tí ó bá sún ti àkọ́bí lóru ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn àlejò ti túká, ni yóò gbọ́ ohun tí inú rẹ̀ ń sọ. Kí ni kí n tún sọ nípa ọmọ tí a kọ́, tí kì í tẹ ojú mọ́ àgbà tí ń bá a wí, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó ń wò? Ní ojú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ lókè òkun, ẹni tí kò bá wojú ẹni ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ní Ìjù, a ní ọmọ náà mọ̀wà hù.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ti wá ń sọ ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀. Ní 2016, Carlos Crivelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde láti erékùṣù Trobriand, tí òun náà wà ní Papua New Guinea: ojú tí ó là sílẹ̀ ràngàndàn tí ẹnu sì yà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ojú ẹ̀rù, àwọn ará Trobriand ní ojú ẹni tí ó fẹ́ dójú ìjà kọ ènìyàn ni. Ní 2019, Lisa Feldman Barrett àti àwọn onímọ̀ mẹ́rin mìíràn kó ìwádìí tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn, nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń fajú ro. Ohun tí èyí wí ni pé ẹ̀rọ tí ó bá ń wá ojú tí ó ro kí ó tó pe ènìyàn ní oníbìínú yóò fo èyí tí ó pọ̀ jù dá, yóò sì tún mú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, tí ó kàn ń ronú, tàbí tí oòrùn wọ̀ lójú.

Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá ń wo àwòrán àwọn orí tí àwọn baba ńlá wa fi amọ̀ mọ, èyí tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó’Lájà ní Ọ̀wọ̀ ní 1971, tàbí àwọn orí idẹ tí wọ́n rí ní Ifẹ̀ ní 1938. Ojú wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹ̀rín, kò sí ẹkún. Ètè pàdé, ẹyinjú tutù. Ẹ̀rọ yóò wò wọ́n, yóò ní kò sí ohun kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó wà lójú wọn ni ó mú kí gbogbo ayé máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tún wà níbẹ̀, ọgbẹ́ ni ó sì jẹ́ fún mi, n kò ní fi pamọ́. Joy Buolamwini, ọmọbìnrin tí ìran rẹ̀ ti Ghana wá, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà tí ó rí i pé ẹ̀rọ tí òun ń lò kò rí ojú òun rárá àfi ìgbà tí òun fi ìbòjú funfun bò ó. Ó kọ́kọ́ bo ojú tí Ọlọ́run fún un kí ẹ̀rọ tó gbà pé ènìyàn wà níwájú òun. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá mẹ́ta wò lórí ohun tí ó rọrùn jù lọ, pé ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin: lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Inioluwa Deborah Raji, ọmọ tiwa tí a bí ní Port Harcourt tí ó dàgbà ní Kánádà, pẹ̀lú Buolamwini tẹ ìròyìn tuntun jáde. Wọ́n ti tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n sì rí i pé àwọn mẹ́ta tí a ti tú àṣírí wọn ti tún ìwà wọn ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Amazon, tí a kò tíì yẹ̀ wò rí, ń ṣi ojú obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ̀ ní ìgbà tí ó ju 31 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí kò jù wọ́n lókùúta, wọn kò bú wọn. Wọ́n kà á fún wọn ní nọ́ńbà. Ní ti ìṣesí ojú gan-an, onímọ̀ kan, Lauren Rhue, kó àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù basketball ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì ní 2018. Ẹ̀rọ ọ̀kan ka ìbínú sí ojú àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kódà níbi tí ẹ̀rín wọn bá dọ́gba. Nígbà tí èyí bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó ti fi ojú bàbá Òǹdó tí ó kọ ìlà gbọọrọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì han ẹ̀rọ tí ó ń fi bí ojú ti hunjọ mọ ẹni tí ń fajú ro?

Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní 2021, HireVue, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ fi fídíò yẹ àwọn tí ń wá iṣẹ́ wò, kéde pé àwọn kò ní máa gbé ìṣesí ojú lé ìwọ̀n mọ́. Ní oṣù kẹfà 2022, Microsoft ní àwọn yóò yọ ẹ̀yà tí ń sọ bí inú ènìyàn ti rí kúrò nínú ẹ̀rọ ojú tí àwọn ń tà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kejì 2025 sì ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka á léèwọ̀ láti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo inú òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ níléèwé, àfi bí ó bá jẹ́ nítorí ìlera tàbí ààbò.

Ṣùgbọ́n òfin Yúróòpù kò dé Ìjù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n bá kọ̀ lọ́hùn-ún lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé tọ̀ wá wá. Àwọn ọmọ wa tí ń jáde ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Òǹdó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè láti orí fóònù. Wọ́n ń jókòó síwájú kámẹ́rà dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dúró bi wọ́n. Wọ́n ń ṣe ìdánwò nínú iyàrá wọn tí ẹ̀rọ ń ṣọ́ ibi tí ojú wọn ń yí sí. Iná ń lọ, wọ́n ń ṣẹ́jú. Àbúrò ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n yíjú. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà wọn mú ìfura dání. Bí lẹ́tà bá sì dé pé a kò gbà wọ́n, wọn kò mọ̀ bóyá ìmọ̀ wọn ni kò tó tàbí ojú wọn ni a kò mọ̀ kà.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ní òfin tiwa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo ìwífún ará ìlú ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, sọ ní abala 37 rẹ̀ pé ẹni tí ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìdájọ́ tí ẹ̀rọ nìkan dá, bí ìdájọ́ náà bá kan ayé rẹ̀ gidigidi. Òfin náà ní ibi tí ó ti yọ̀ǹda, bí ìgbà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Èyí ni ó mú kí n máa bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ohun tí ẹ ń tẹ “mo gbà” sí lórí fóònù yín. Síbẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ lè béèrè pé kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ yín wò, ẹ lè sọ tẹnu yín, ẹ sì lè ta ko ìdájọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá yín lẹ́jọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí wọn kò bá dáhùn, NDPC, àjọ tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, wà ní Àbújá láti gba ẹ̀sùn. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ jókòó síwájú kámẹ́rà, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín sílé.